Wọ́n Jí Ohùn Bàbá Jàre

"Ìyá Peace, wọ́n ti jí ohùn ọkọ mi."

Ohun tí Màmá Jàre kọ́kọ́ sọ nìyẹn, n kò tíì rí àga fìdí lé. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìkìrun, mo wá ewúrẹ́, mo wá ọ̀kadà, mo tilẹ̀ wá agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnì kan gbé lọ tà fún àwọn tó ń ra irin. N kò wá ohùn òkú rí. Láti ìgbà tí èmi Ọmọ́jọlá ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fúnra mi, mo ti ń fọ́nnu pé kò sí ohun tó lè yà mí lẹ́nu mọ́. Ẹnu mi ló kó bá mi.

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀."

Tíṣà ni Màmá Jàre kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo Òkukù ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì nígbà ayé rẹ̀. Bó bá wá sílé, tó fẹ́ padà, á darí àdúrà àárọ̀, á sì gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ohùn bàbá má baà wọ́n nínú ilé nígbà tí òun kò bá sí. Ní ìgbà tó lọ kẹ́yìn, mọ́tò gbókìtì lójú ọ̀nà. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló kù. Nígbà tó ṣe, téèpù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, kò dún mọ́. Nígbà tí Adéjàre, àkọ́bí wọn, di ọkùnrin, ó gbé e fún ẹnì kan ní Èkó tó yọ ohùn náà jáde, tó sì kó o sínú fóònù ìyá rẹ̀, sínú áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Ohùn-Ilé. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Màmá Jàre á tẹ fóònù, ọkọ rẹ̀ á gbàdúrà.

"Láàárọ̀ Sátidé, mo tẹ̀ ẹ́," ni ó wí. "Ó ṣí, ó tún pa. Mo tún un tẹ̀. Ó ní áàpù yìí kò bá fóònù yìí mu mọ́. Ẹ gbọ́ ná, fóònù àti áàpù tí wọ́n ti jọ ń gbé látọjọ́ yìí! Kí ló dà wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló wá tú wọn ká?"

"Fóònù ọ̀hún dà?"

"Ó wà ní Ìnísà, lọ́dọ̀ Ọdúnayọ̀ tó ń tún fóònù ṣe. Jàre ló pè é láti Èkó. Ọdúnayọ̀ ní ẹnì kan gbé ètò tuntun sínú rẹ̀, èyí tí wọn ò tíì ṣe parí. Bẹ́tà ló pè é. Lónìí ló fẹ́ dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí lẹ pè mí fún?"

Ó wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tí kò gbọ́ ìbéèrè. "Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni fóònù yẹn ń sùn. Ẹni tó ṣe é, inú ilé yìí ló ti ṣe é. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, ó máa tún un ṣe. Ohùn kan ṣoṣo ló kù mí kù, Ìyá Peace. Bó bá lọ, ọkọ mi ti kú lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ kó wọ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lára lọ. Ọkọ tèmi náà ti lọ. Ojú rẹ̀ wà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó, mo máa ń wá bó ṣe ń pè mí láti yàrá, n kì í rí i mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti wọlé, rédíò ni mo kọ́kọ́ ń tàn, kí ilé má baà dákẹ́ lé mi lórí.

Mo gbá ìrònú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bátìrì fóònù ńkọ́ láàárọ̀ Sátidé?"

"Ó kún bámúbámú. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo wo firíìjì tó wà ní igun ilé. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀ kó fa omi tó ń ro. "Ìgbà wo ni iná ti lọ?"

"Láti Tọ́ọ́sìdé. A ò tíì rí i padà."

Fóònù kì í fi àánú Ọlọ́run nìkan kún. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ètò ńlá bẹ́ẹ̀ sínú fóònù, bátìrì gbọ́dọ̀ ní agbára kó tó gbà fún un. Ẹni tí mò ń wá ní iná nígbà tí gbogbo Òkukù wà lókùnkùn.

"Ta ló wọ ilé yìí lálẹ́ Fúráìdé?"

"Dára, àbígbẹ̀yìn mi, wá sùn. Ìkìrun ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti padà síbẹ̀ kí n tó jí. Alàgbà náà yà kí mi, àbúrò ọkọ mi." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kórìíra ohùn yẹn bí Alàgbà. Òun nìkan ló sì ní sólà nínú agboolé. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé fóònù kọṣẹ́, àfi Jàre. Ojú ń tì mí."

Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Òjò ti mú koríko hù kárí ẹ̀yìn ilé náà, àfi ojú kan lábẹ́ fèrèsé Màmá Jàre, tó pá bí ibi tí wọ́n ń so àgbò mọ́. Wọn kò sì sin àgbò nínú ilé náà.

* * *

Alàgbà Ọláfimíhàn jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n ní kì í wọ bàtà, ì báà jẹ́ oko ni ó ń lọ.

"Alàgbà, wọ́n ní ẹ ò fẹ́ kí Bàbá Jàre máa darí àdúrà."

"Òkú kì í darí àdúrà alààyè. Mo sọ ọ́, mi ò sì ní sẹ́ ẹ."

"Ẹ ní sólà."

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, sà. Ṣé ẹ gbọ́ pé fóònù màmá kò ṣiṣẹ́ mọ́?"

"Mo gbọ́. Láti àárọ̀ Sátidé ni kò ti fọhùn."

Mo sún àga mi mọ́ tirẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé Sátidé ni? Màmá ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó yí ojú kúrò lára mi. Mo ti rí ọ̀daràn púpọ̀ tí ojú wọn yí padà báyìí, inú mi sì ti ń dùn pé iṣẹ́ ti parí. Àfi bí ojú mi ṣe bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ńlá tó fẹ̀, ìka tó ya síra. Mo rántí ojú kan tó pá lábẹ́ fèrèsé.

"Alàgbà," mo rọ ohùn mi, "ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń dúró síbẹ̀?"

Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni ó wí. "Àwọn ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Wọ́n máa ń di ìjókòó mú lẹ́yìn, wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé mi, wọ́n á máa pariwo orúkọ mi. Mo lè bínú títí pé òkú ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹsẹ̀ mi ló ń gbé mi lọ. Láti Sátidé, mo ń lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó wọn."

Ebi kì í pa ènìyàn kó lọ da ọbẹ̀ nù. Mo yọ Alàgbà kúrò lára àwọn tí mo ń fura sí. Bí mo ṣe dìde ni ó tún sọ̀rọ̀.

"Dára nìkan ni kì í dúró gbọ́ ọ. Bó bá sùn sílé, bí mo bá ti ń bọ̀ láàárọ̀, a máa ń pàdé. Òun ń jáde, èmi ń bọ̀."

"Kí ló dé?"

"Nínú àdúrà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ ìyàwó wọn, wọ́n dárúkọ Jàre, wọ́n dárúkọ Bímpé tó tẹ̀ lé e. Wọn ò dárúkọ Dára. Wọn ò tíì bí i nígbà náà. Oyún rẹ̀ ni wọ́n kú fi sílẹ̀."

* * *

Ilé ìdánwò fóònù tí Dára ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkìrun kò ju yàrá méjì lọ, fóònù kún orí tábìlì bí ẹja gbígbẹ. Olúwadàmọ́lá, ọ̀dọ́kùnrin tó ni ibẹ̀, fún mi lómi kó tó dáhùn ìbéèrè.

"Mà, ètò kan wà tó ń darí gbogbo fóònù láti inú. Bí wọ́n bá ń ṣe tuntun, kí wọ́n tó kó o fún gbogbo ayé, wọ́n á kọ́kọ́ fún àwa ká dán an wò. Òun ni bẹ́tà. Ètò náà lè dára fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn áàpù tí ẹlòmíì ṣe lè kọ̀ láti bá a gbé. Iṣẹ́ wa ni ká mọ èyí tó gbà àti èyí tó kọ̀."

"Bí ìyàwó tuntun," ni mo wí. "Ìwà rẹ̀ lè dára, àwọn tó bá nínú agboolé la ò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà."

"Ṣé ẹ máa ń gbé e sórí fóònù tí ẹ ń lò nílé?"

"Ká má rí i! Fóònù ìdánwò lọ́tọ̀."

"Kí ló lè mú kí ẹnì kan gbé e sórí fóònù ìyá àgbà?"

Ó ronú. "Àfi tó bá fẹ́ lo áàpù tó jẹ́ pé orí ètò tuntun yìí nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan wà báyìí. Bẹ́ ẹ bá fún un ní ohùn ènìyàn, á fi ohùn yẹn sọ ohun tí onítọ̀hún ò sọ rí. Dára ló ń dán an wò."

Mo ti mọ ẹni tó ṣe é. Ohun tó kù ni kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Dára wà nídìí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn dáadáa. Páwà báńkì ńlá kan, tó ń tọ́jú iná fún fóònù, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ọ̀rọ̀ fóònù màmá yín ti fẹ́ yanjú," ni mo wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. "Ọdúnayọ̀ ń dá a padà sí ètò àtijọ́ lọ́wọ́ báyìí."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọn ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀! Béèyàn bá fẹ́ kúrò lórí bẹ́tà, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù ló máa parẹ́!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé bẹ́tà ló wà lórí rẹ̀?"

Ó wò mí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ẹ bá mi wí tó bá yá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ ná. Ohùn bàbá mi ò sí níbòmíì."

Pàkúté tí mo dẹ fún un ti ń mú èmi náà lẹ́sẹ̀. Mo pe Ọdúnayọ̀, kò wọlé. Mo tún un pè, kò wọlé. Dàmọ́lá ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀.

* * *

Lójú ọ̀nà Ìnísà ni Dára ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn mọ́tò ló jókòó sí, ó ń wo oko àgbàdo tó ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Láràárọ̀ ni bàbá mi máa ń fi màámi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n á fi Bọ̀dá Jàre lé E lọ́wọ́, wọ́n á fi Àǹtí Bímpé lé E lọ́wọ́, àmín. Mo wà nínú ilé, mi ò sí nínú àdúrà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi ẹnu tèmi pe orúkọ mi sí i kó tó kan àmín. Mi ò bá a rí. Àmín máa ń yá jù."

"O wá gbé bẹ́tà sí i."

"Mo dúró di ìgbà tí màámi sùn. Mo fi páwà báńkì sí i, mo yọ gbólóhùn díẹ̀ nínú ohùn wọn sọ́tọ̀ nínú fóònù náà, mo wá gbé bẹ́tà sí i, mo jẹ́ kí áàpù yẹn gbọ́ wọn. Mo ní kó pe orúkọ mi."

"Ó pè é?"

"Ó pè é." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà èèyàn ní báńkì. Ohùn wọn ni, àwọn kọ́. Mo pa áàpù náà àti gbólóhùn wọ̀nyẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo wá fẹ́ ṣí Ohùn-Ilé, ó kọ̀. Ẹni tó ṣe áàpù yẹn ti pa á tì tipẹ́, kò lè bá ètò tuntun ṣe. Mo sá padà sí Ìkìrun láti wá ojútùú. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún màámi."

N kò bá a wí. Bí ẹnì kan bá wá bá mi pé òun lè mú kí ọkọ mi pè mí lẹ́ẹ̀kan, ṣé n kò ní fún un ní fóònù, kí n tún gbé àpótí aṣọ lé e?

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Ọdúnayọ̀, Dára fò bọ́ sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró. Ọkùnrin náà jókòó ti fóònù Màmá Jàre, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lókè. Lójú fóònù, ìbéèrè kan wà: ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?

"Má tẹ̀ ẹ́!" ni Dára ké.

Ọdúnayọ̀ fà sẹ́yìn. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Bọ̀dá Jàre ní àwọn ti tọ́jú ohùn náà síbòmíì."

"Kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Kò sí níbòmíì."

Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Lẹ́yìn náà ni òun àti Dára so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wá inú rẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn wọn, mò ń gbàdúrà tí n kò mọ̀ pé mo ṣì lè gbà.

"Ó wà níbí!" ni Dára wí. "Ohùn ò lọ síbì kankan. Áàpù yẹn ni kò ríbi wọlé mọ́, ètò tuntun ti ti ilẹ̀kùn tó ń gbà tẹ́lẹ̀."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n tún kó o sórí fláàṣì. Dára wá fi áàpù mìíràn ṣí ọ̀kan. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ohùn tó nípọn, tó ń fara balẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn náà ń yọ gọngọ bí òkè kéékèèké.

"Olúwa, mo fi Adéjọkẹ́ lé Ọ lọ́wọ́. Mo fi Adéjàre lé Ọ lọ́wọ́. Mo fi Ọlábímpé lé Ọ lọ́wọ́."

Àwọn òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ohùn mọ́.

"Ó ti bàjẹ́ níbí," Ọdúnayọ̀ wí, ó sì na ọwọ́ láti fò ó.

"Fi sílẹ̀," ni mo wí.

A dúró. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà padà. "Ní orúkọ Jésù. Àmín."

"Ṣí òmíràn."

Ó ṣí àdúrà ọjọ́ mìíràn. Adéjọkẹ́, Adéjàre, Ọlábímpé, ìdákẹ́jẹ́, àmín. A ṣí òmíràn sí i. Ibì kan náà ni.

"Téèpù kì í bàjẹ́ lójú kan náà nínú gbogbo àdúrà," ni mo wí. "Dára, ṣé o gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí rí?"

"Rárá, mà. Kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ kí n tó gbọ́njú, inú fóònù ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti pe Àǹtí Bímpé, àmín ló kàn." Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Ohùn-Ilé máa ń fo ibi tí kò bá sí ọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ṣe é ṣe ṣe é nìyẹn, kó má baà fi àkókò èèyàn ṣòfò. Gbogbo ìgbà ló ti ń fò ó."

Mo ní kí wọ́n gbé ohùn náà sókè dé ìpẹ̀kun. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, a gbọ́ àkùkọ kan lókèèrè. Lẹ́yìn náà, ní tòsí, a gbọ́ ènìyàn tó ń mí.

* * *

Oòrùn ṣì wà nígbà tí a dé Òkukù. Dára dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin níwájú ìyá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Kọ̀ǹpútà Ọdúnayọ̀ tí a gbé wá ni Màmá Jàre ń wò. Mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí àdúrà dé ibi ìdákẹ́jẹ́, kí n tó bi í ní ohunkóhun, ọwọ́ obìnrin náà ti lọ sí ikùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Mo rò pé téèpù tó bàjẹ́ ló jẹ ẹ́," ni ó wí. "Mo ní kò burú, ṣebí ìyókù ṣì wà."

"Kí ló wà níbẹ̀, Màmá?"

"Ọwọ́ ọkọ mi ni. Oyún Dára wà nínú mi. A kì í pariwo oyún, a kì í sì í pe orúkọ ọmọ tí a ò tíì rí. Bó bá ti pe Bímpé tán, á gbé ọwọ́ lé mi níkùn, á dákẹ́, á máa bá Ọlọ́run sọ ọ́ nínú ara rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù, omi ń hó lórí iná. Kì í dá mi lóhùn." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Tìrẹ ló gùn jù, Dára."

Dára gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lẹ́yìn tó ti sọnù lọ́jà. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀."

Mo tún un tẹ̀. A gbọ́ àwọn orúkọ náà, a sì dé ibẹ̀. Màmá Jàre gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì fi í síbẹ̀ títí ìdákẹ́jẹ́ náà fi parí. "Ní orúkọ Jésù," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Àmín," ni ẹnì kan dáhùn láti ìta, lábẹ́ fèrèsé.

Màmá Jàre kò tilẹ̀ yíjú. "Alàgbà, ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ikọ́ yín."

Mo padà sí Ìkìrun. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà, ọwọ́ mi sì lọ sí rédíò bó ṣe máa ń lọ. Mo fà á padà. Mo jókòó sórí àga tó kọjú sí ti ọkọ mi, mo sì jẹ́ kí ilé dákẹ́.